Bí Fóònù Ṣe Ń Fi Àkókò Wọn Ilẹ̀ Oko

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń fi fóònù wọn ilẹ̀ nísinsìnyí. Wọn a rìn yí oko ká, fóònù a sì sọ bí ilẹ̀ náà ti tóbi tó. Iye yìí ni wọ́n fi ń ra ajílẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń san owó katakata. Ó yẹ kí ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ọ̀nà tí ó gbà rí iye náà, nítorí a máa ṣì í nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró ní etí odò New Calabar ní Iwofe, ní Port Harcourt. Bí ẹnì kan bá ń kan ìṣó mọ́ ọkọ̀ ojú omi ní òdìkejì, ẹ ó rí òòlù rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ìró a máa rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ìró tó dé etí yín, ẹni náà jìnnà sí yín ní mítà 170. Ẹ kò na okùn, àkókò ni ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti fóònù, àfi pé ìgbì rédíò ni ó ń lò, èyí tí ń rin kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200, ń kéde àkókò tí wọ́n rán ìgbì wọn jáde. Fóònù a wo ìgbà tí ó dé, a sì ṣírò bí sátẹ́láìtì náà ti jìnnà tó. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mẹ́rin: mẹ́ta láti mọ ibi tí ó wà, ẹ̀kẹrin láti tún aago tirẹ̀ ṣe, nítorí aago fóònù kò péye bíi ti sátẹ́láìtì.

Bí àkókò bá fi ìdá kan nínú 1,000,000 ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀, ìwọ̀n ti fi mítà 300 yẹ̀ nìyẹn. Ìgbì lè kọ́kọ́ kọlu ògiri tàbí òrùlé páànù kí ó tó dé ọwọ́ yín, ọ̀nà rẹ̀ a sì gùn jù. Ewé ọ̀pẹ tí òjò ti pa náà a máa dín agbára rẹ̀ kù. Ní gbangba, fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 3 sí 5 ṣì. Lábẹ́ igi, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú lásán ni mítà 3 ti kéré. Ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 15, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 30, jẹ́ mítà 450 níbùú-lóròó. Bí fóònù bá fi mítà 3 kún ìbú àti gígùn, 594 ni yóò pè é. Ẹ ó ra ajílẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ jù. Owó ṣòfò, ajílẹ̀ àpọ̀jù sì lè jó gbòǹgbò àgbàdo. Lórí hẹ́kítà kan, àṣìṣe kan náà jẹ́ nǹkan bíi ìdá 6 nínú 100. Nítorí náà, téèpù ni kí ẹ fi wọn oko ẹ̀yìnkùlé. Bí oko bá tóbi, ẹ lo fóònù, ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má ṣe fi fóònù pa ààlà láéláé. Ìjà ni ó ń dá sílẹ̀. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún 2008 ni ọ́fíìsì Olórí Awọnlẹ̀ Ìjọba Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn ibùdó NIGNET kalẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Rivers, tí kò jìnnà sí Iwofe. A ti mọ ojú ibi tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ wà dájúdájú, nítorí náà ó lè rí àṣìṣe tí ó wà nínú ìgbì sátẹ́láìtì. Awọnlẹ̀ a yọ àṣìṣe náà kúrò nínú ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tí yóò kù kì í sì í ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ.