Ohun tí ó ń dá Sítíárìn Padà sí Àárín

Ní Ailegun ni a ti pè mí wo ọkọ̀ eré-ìje kan: bí a bá yí sítíárìn rẹ̀, kì í padà sí àárín fúnra rẹ̀. Àléébù yìí kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ tí kò tọ́ lẹ́yìn kọ́nà lè gbé awakọ̀ rẹ̀ wọ gọ́tà.

Kí ni ó ń dá a padà? Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ológeere. Irin tí ó di táyà iwájú rẹ̀ mú fì sẹ́yìn lókè. Bí a bá fi ojú inú fa irin náà dé ilẹ̀, iwájú ibi tí táyà tẹ̀ ni yóò kàn. Nítorí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni táyà ń tẹ̀ lé, bí ẹran tí a fi okùn fà. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀. Bí fífì yìí bá dínkù, tàbí tí nǹkan bá ń há, táyà kò ní í tọ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí a gbé iwájú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, kí a gbé e lé ohun tí ó lágbára, kí a sì yí sítíárìn. Bí ó bá fúyẹ́, kí a lọ wọn fífì náà. Bí ó bá le, kí a tú ọ̀pá tí ó so sítíárìn mọ́ táyà. Apá tí ó bá ṣì le ni ó ní àrùn.

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ti ra ráákì ní ọjà Ládipọ̀. A tú ọ̀pá, sítíárìn fúyẹ́. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ọ̀tún ni ó ti dípẹtà. Mo rò pé ó yẹ kí ìwádìí máa ṣáájú ìnáwó.