Òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́: Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 14 kọjá

Àwọn àgbà máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pa ènìyàn, ìṣẹ́ ló ń pa ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọn kò bo eyín rẹ̀ ń gé ìka, ilẹ̀kùn tí wọ́n sì tì mọ́ òṣìṣẹ́ lára ń pa ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ yín á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Iná sọ ní ilé-iṣẹ́ kan lóru, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì bá a lọ. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìta. Ohun tó dunni jù ni pé òfin wà nílẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 1987 sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé-iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i.

Òfin yìí kan náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ, kó ní àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, kó sì fún àwọn tí iṣẹ́ wọn léwu ní ohun tí wọn yóò fi dáàbò bo ara wọn. Kò gbọdọ̀ yọ owó nǹkan wọ̀nyí lára owó oṣù wọn.

Òṣìṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ohun ìdáàbòbò tí wọ́n bá fún un, kó lò ó. Ẹni tó bá tú ìbòrí ẹ̀rọ kúrò nítorí kí iṣẹ́ lè yá, ó rú òfin, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin òbí tó wà nílé rèé. Bí ọmọ bá farapa níbi iṣẹ́ ní Èkó tàbí Ọ̀tà, ọ̀gá mìíràn á kàn fún un ní owó oògùn àti owó ọkọ̀, á ní kó máa lọ sílé. Ilé á gbà pé kádàrá ni. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ o. Láti ọdún 2010 ni òfin owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ ti wà. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ tí a mọ̀ sí NSITF. Kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ ti àpò òṣìṣẹ́ jáde fún un.

Òfin náà kò yọ lébìrà, ọmọ iṣẹ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀. Bí ẹnu ni wọ́n fi ṣe àdéhùn iṣẹ́, tí wọn kò kọ ìwé, òfin kà á sí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí. Láàárín ọjọ́ 14 tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó farapa gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá tàbí alábòójútó iṣẹ́: orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tó fà á. Bó bá kú, àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wọn ni yóò sọ. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ọdún kan péré ni òfin sì fún ènìyàn láti béèrè owó náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ilé-ìwòsàn.

Bí ọ̀gá bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ gba ọ́fíìsì NSITF tó wà ní ìpínlẹ̀ yín lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.