Ẹ̀rọ Tó Gbọ́ Èdè Ara Wọn

Ẹni tó ń lo mítà onítókìn ní Ṣómólú tàbí Bàrígà l'Ékòó kò ní tíì gbàgbé ìparí ọdún 2024. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ tẹ tókìn méjì kan sínú mítà, ogún nọ́ńbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká tó lè tẹ tókìn owó iná gan-an. Ìdí rẹ̀ ni pé tókìn kọ̀ọ̀kan ní àmì àkókò tí wọ́n ṣe é. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka àkókò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìṣirò ọ̀hún sì kún ní 24 November 2024. Tókìn méjì yẹn ló sọ fún mítà pé kó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun.

Mítà ilé yìí àti ti ilé kejì lè má ti ilé iṣẹ́ kan náà wá, síbẹ̀ ohun kan náà la ṣe sí gbogbo wọn, wọ́n sì gbọ́. Ìlànà àjùmọ̀lò kan tí wọ́n ń pè ní STS ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó di ti àgbáyé. Bí mítà kan bá bàjẹ́ lónìí, wọ́n lè fi ti ilé iṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà tí à ń gbà ra iná kò ní yí padà.

Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wà fún ẹ̀rọ amúlétutù, jẹnẹrétọ̀, pọ́ńpù omi àti agogo iná, ìyẹn agogo tó ń kìlọ̀ bí ilé bá ń jó, nínú ilé ńlá. Kí n tó sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ Ṣómólú, ìyẹn iṣẹ́ ìtẹ̀wé.

Ẹ tẹ̀lé ìwé ètò ìgbéyàwó kan. Ọmọ kan yà á sórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ṣe pléètì rẹ̀ ní ibòmíràn, wọ́n ra ìwé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn gé e, ẹlòmíràn tún dì í. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò jọ jókòó ṣèpàdé rí, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn bára mu. Ìwọ̀n ìwé A4 kò yí padà níbikíbi: mìlímítà 210 ní ìbú, 297 ní gígùn. Jámánì ló fi lélẹ̀ ní 1922, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 1975. Fáìlì PDF tí ọmọ yẹn fi ránṣẹ́ náà, ilé iṣẹ́ Adobe ló gbé e jáde ní 1993, ṣùgbọ́n láti 2008 ló ti di ìlànà àgbáyé. Ká ní oníwèé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan ló lè gé e, oníwèé ni ì bá máa pàṣẹ fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ inú ilé. Ká sọ pé ilé alájà mẹ́ta ni: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì wà lókè. Onílé fẹ́ máa rí i lójú kan ṣoṣo bí díísù ṣe kù sí, bí omi táńkì ṣe tó, àti yàrá tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ lálẹ́. Bí ó bá ra ẹ̀rọ tó ń sọ èdè àdáni, yóò ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ àtúnṣe. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó tà á nìkan ló mọ ọ̀nà tí à ń gbà wọ inú rẹ̀, iye tó bá pè sì ni onílé máa san. Bó bá kógbá sílé, wáyà ara ògiri di ọ̀ṣọ́.

Nínú àwọn èdè tí ẹnikẹ́ni lè lò, Modbus lọ́jọ́ lórí gan-an. Ilé iṣẹ́ Modicon ní Amẹ́ríkà ló ṣe é ní 1979, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ àti inverter tí à ń rà ní Èkó. Wáyà méjì lè so gbogbo wọn pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, àti àwọn àpótí tó ń kó ìròyìn rẹ̀ sí. Ọ̀gá kan ló ń béèrè. Àwọn tó kù kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tó bá pe nọ́ńbà wọn. Á ní: “Nọ́ńbà 3, kí ló wà nínú àpótí rẹ kẹrìnlá?” Jẹnẹrétọ̀ á dáhùn: “62.” Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ló máa sọ pé díísù ló wà nínú àpótí yẹn, àti pé 62 túmọ̀ sí ìdá 62 nínú 100. Ẹni tí kò bá ní ìwé yẹn kò ní ju nọ́ńbà lásán lọ.

BACnet lajú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ ASHRAE ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1987, wọ́n gbé e jáde ní 1995, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 2003. Bí àlejò ṣe ń kàgò ni ẹ̀rọ tuntun ṣe ń wọlé níbẹ̀. Á ké sí gbogbo ilé pé, “Ta ló wà ńlé o?” Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á dáhùn pé, “Èmi nìyí,” á sì sọ nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ó bá tún bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ní, wọ́n á kà á fún un tòun ti orúkọ àti òṣùwọ̀n: yàrá kọ̀ǹpútà, ooru 24, ní ìwọ̀n Celsius.

Èrè rẹ̀ fún onílé kò fara sin. Ó lè ra ẹ̀rọ amúlétutù lọ́dọ̀ ẹnì kan lọ́dún yìí, kó ra agogo iná lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, bí owó bá ṣe ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà kúkú ni a ṣe ń kọ́lé ní Èkó. Bí agogo iná bá gbóòórùn èéfín, ó lè sọ fún ẹ̀rọ amúlétutù pé kó dákẹ́ kó má baà fẹ́ èéfín kiri. Ọmọ tó bá sì kọ́ èdè yìí nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Àkókà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Bàrígà lè fi jẹun nílé iṣẹ́ tó bá wù ú.

Àmọ́ o, ìlànà tó ṣí sílẹ̀ kò fi dandan jẹ́ ọ̀fẹ́: ẹnikẹ́ni lè gba ìwé ìlànà Modbus láìsanwó, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta ti BACnet. Modbus kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó bá ti dé orí wáyà lè pàṣẹ, nítorí náà kò yẹ ká so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lásán. Àwọn ọlọ́jà kan tún wà tí wọ́n á kọ BACnet sára ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì ti ìdajì àpótí rẹ̀ pa.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ béèrè èdè tí ẹ̀rọ náà ń sọ. Ẹ gba ìwé tó to àpótí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ọ̀rọ̀ aṣínà àti ẹ̀dà ètò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ yín. Kò sí atẹ̀wé kan ní Ṣómólú tó máa ra ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ní òun nìkan ni yóò máa gé e. Ẹ má ra ẹ̀rọ ilé bẹ́ẹ̀.