Asofẹ́yẹjẹ àti Àìsàn Abísínwín: Àkíyèsí Kan láti Ilẹ̀ Okun

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ewu tí ó wà nínú fífi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Kabba àti àwọn ìlú Okun yòókù wà níbi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn, igi yìí a sì máa hù ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí a ti dáko tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ ni ó ń jẹ èso rẹ̀ pupa, bí orúkọ rẹ̀ ti wí.

Bí a bá wo ọ̀nà tí Yorùbá gbà pín wèrè sí ìsọ̀rí, a ó rí i pé wèrè ìran wà, àfiṣe wà, abísínwín sì dá dúró láyè ara rẹ̀. Ìpín yìí tọ̀nà ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti rò lọ. Nígbà oyún, họ́mónù estrogen àti progesterone a máa pọ̀ lára. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, wọn a lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yìí gan-an ni abísínwín sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, lára ìyá kan tàbí méjì nínú 1,000.

Ní ti egbò náà, agbára rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ní 1952 ni a yọ reserpine jáde láti ara ìbátan rẹ̀ kan ní Íńdíà. Ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ṣe ń fi í wo wèrè. Reserpine a máa gbẹ dopamine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú iṣan ọpọlọ, alágídí a sì rọ̀.

Ṣùgbọ́n dopamine kan náà ni ó ń kó họ́mónù prolactin níjàánu. Bí ó bá ti gbẹ, prolactin a pọ̀ sí i: ọmú obìnrin tí kò bímọ lè máa sun wàrà, nǹkan oṣù sì lè dáwọ́ dúró. Oògùn tí a fi wo orí ti dé ibi tí àìsàn náà ti ṣẹ̀ wá nìyẹn. Fún abiyamọ, ó tún ń bá wàrà lọ sára ọmọ, imú ọmọ a sì dí. Ẹ rántí pé àgbo kò ní òṣùwọ̀n, àti pé agbára egbò igi kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì.

Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù ni ti obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ. Sheehan ṣàlàyé ní 1937 pé irú ẹ̀jẹ̀ dídà bẹ́ẹ̀ lè pa ẹ̀yà ara kékeré tí ń pàṣẹ fún họ́mónù nísàlẹ̀ ọpọlọ. Wàrà rẹ̀ kò ní wá. Òtútù a máa mú un, a sorí kọ́, kò ní bìkítà fún ohunkóhun. Họ́mónù tí ó sọnù ni ó yẹ kí a dá padà fún un ní ilé ìwòsàn. Asofẹ́yẹjẹ, tí ó tún ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó wa egbò, ìbéèrè méjì ni a ní kí ó kọ́kọ́ bi àwọn ìyá àgbà tí ó gbẹ̀bí: ṣé ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀, ṣé wàrà sì wá?