Ìgbà Tí Súpíkà Dákẹ́ ní Ẹgàn: Star Wars, Finn, àti Ìbínú Àwọn Òǹwòran

Ní ọdún 2018, èmi àti àwọn mẹ́jọ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ẹgàn, a ń wo Star Wars. Ọjọ́ ìbí àbúrò mi ni, èmi ni mo sì san owó gbogbo wa. Kò sí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, Alhaji tó ni ibẹ̀ sì ti gbà kí á lo tẹlifíṣọ̀n ńlá rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí níbi tí díìsìkì ti wá.)

Fíìmù náà ni The Last Jedi, ìkẹjọ nínú ọ̀wọ́ náà, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọ̀gá ọmọ ogun obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Holdo ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní òun nìkan láàárín ìràwọ̀. Ó yí imú ọkọ̀ náà padà sí ọkọ̀ ńlá àwọn ọ̀tá, ó tẹ iná mọ́ ọn, ó sì forí sọ ọ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n funfun báláú. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo nǹkan lẹ́nu.

Ẹnì kan pariwo pé, “Súpíkà ti jó o!” Alhaji fò dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá súpíkà lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi yíjú sí mi: “Brọ̀dá, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àwòrán ṣì wà, kí ló wá dé?” Kí Alhaji tó fa wáyà yọ, ariwo ti padà dé. Ojú tì í díẹ̀. Mo kà á lẹ́yìn náà pé ní Amẹ́ríkà gan-an, àwọn ilé sinimá kan lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà láti sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ jẹ́ kó dákẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ lójú ewé yìí mọ ìdí rẹ̀. Tí a bá lu gángan, awọ rẹ̀ á gbọ̀n, á ti afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí, afẹ́fẹ́ yẹn á ti èkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ti ara wọn títí tí yóò fi dé etí wa, ní nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín ìràwọ̀, kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e. Bọ́ǹbù lè bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀, o ò ní gbọ́ pìnpìn. Láti ọdún 1977 tí ọ̀wọ́ fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ wọn ń han gooro láàárín òfúrufú bí ẹni pé ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí ni wọ́n ń gbà. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí wọ́n wá sọ òtítọ́, àwa rò pé súpíkà ló jó.

Ìforísọ yẹn fúnra rẹ̀ tún dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà káàkiri ayé, mi ò sì lè sọ pé wọn kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Agbára tí ohun tó ń sáré máa fi kọlu nǹkan kì í pọ̀ sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kadà bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó di mẹ́sàn-án. Ẹ mú ọ̀rá sẹ̀mó oníkílò kan, kí ẹ jẹ́ kó máa sá eré tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀, ìyẹn kìlómítà 30,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: agbára tó wà nínú ọ̀rá sẹ̀mó kan yẹn tó nǹkan bí ìlọ́po méje bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima ní 1945. Sẹ̀mó lásán!

Kì í ṣe àlá nìkan náà ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, NASA mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ọkọ̀ wọn kan tó ń jẹ́ DART kọlu òkúta kékeré kan láàárín ìràwọ̀, Dimorphos, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá a lè ti òkúta tó bá fẹ́ já lu ayé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Eré DART kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Síbẹ̀, ó gé nǹkan bí ìṣẹ́jú 32 kúrò nínú àkókò tí òkúta yẹn fi ń yí èkejì rẹ̀ po.

Ìbéèrè àwọn tó bínú wá nìyí: tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ṣe báyìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò ṣe é láti ogójì ọdún? Kí ni wọ́n wá ń fi ẹ̀mí gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣòfò fún? Ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ kò bínú pé ìjàpá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti sọ fún un pé ìjàpá kò lè fò àfi tó bá yá ìyẹ́, ẹ kò lè jẹ́ kó ṣàdédé fò lálẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tí fíìmù kẹsàn-án dé ní 2019, wọ́n kàn fi gbólóhùn kan bò ó pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ìyẹn kò dá mi lóhùn.

Ìbínú àbúrò mi kò sí níbẹ̀ rárá. Finn ni tirẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ló ṣe Finn. John Boyega ni, Adégbóyèga ní kíkún, tí wọ́n bí ní Peckham ní London ní 1992 fún òbí tó wá láti Nàìjíríà. Nínú fíìmù keje, ní 2015, Finn sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá tó tọ́ ọ dàgbà, ó sì gbé idà ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwòrán ìpolówó. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń pariwo pé àwọn ò ní wo fíìmù tí aláwọ̀ dúdú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi, tó wà ní ilé ìwé girama nígbà náà, fi máákà kọ FN-2187, nọ́ńbà Finn, sára báàgì rẹ̀. Gbogbo wa gbà pé Finn ló kàn.

Nígbà tí The Last Jedi dé, olùdarí ti yí padà láti ọwọ́ J.J. Abrams sí Rian Johnson, ìtàn náà sì yà bàrá. Luke, akọni àtijọ́, ju idà tí wọ́n gbé wá fún un sẹ́yìn bí ẹni da omi nù. Wọ́n ní àwọn òbí Rey kì í ṣe ẹnikẹ́ni. (Èyí dùn mọ́ mi. Ó ti sú mi kí gbogbo akọni máa jẹ́ ọmọ ọba.) Finn sì lọ sí ilé tẹ́tẹ́ kan, ó padà dé, kò sí ohun pàtàkì tó yọrí sí. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, àbúrò mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi bíléèdì ha nọ́ńbà yẹn kúrò lára báàgì.

A ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, èébú fíìmù náà ló kún ibẹ̀. Mo ti gbà pé gbogbo wa ló kórìíra rẹ̀, àfìgbà tí mo padà sókè láti wo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn méjì péré ni! Mo wá bi àwọn mẹ́fà yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ó dùn.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ayé náà kúkú nìyẹn. CinemaScore, tó máa ń bi àwọn òǹwòran bí wọ́n ṣe ń jáde ní sinimá ní alẹ́ àkọ́kọ́, fún fíìmù náà ní A. Àwọn aláríwísí lórí Rotten Tomatoes fún un ní nǹkan bí ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn òǹwòran lórí ìkànnì kan náà kò dé ìdajì. Fíìmù náà sì pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là. Ìyàtọ̀ wà láàárín bíbi ẹni tó ń jáde àti dídúró de ẹni tó bá wù láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọbẹ̀ dùn mọ́ lẹ́nu máa ń nu ẹnu lọ sílé ni. Ẹni tí òkúta ṣẹ́ léyín ló ń padà wá bá oníbùkà.

Ní 2018, olùwádìí kan, Morten Bay, ka tuíìtì 967 tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ sí Rian Johnson. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ló jẹ́ ìbínú. Nínú àwọn tó bínú yẹn, ó ní ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó jẹ́ ti òṣèlú, ti adárúgúdù sílẹ̀, tàbí ti ẹ̀rọ tí kì í ṣe èèyàn rárá. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òfin o. Tuíìtì 967 kéré, ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ariwo náà bà kì í ṣe ẹ̀rọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, Kelly Marie Tran, tó ṣe Rose, pa gbogbo ohun tó wà lórí Instagram rẹ̀ rẹ́ nítorí èébú. Ní fíìmù kẹsàn-án, ipa rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀ lọ. Rey sì di ọmọ-ọmọ ọba burúkú kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé ẹ̀rù ariwo ló ṣe é.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Boyega fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn GQ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n fi aláwọ̀ dúdú polówó ọjà bí ẹni pàtàkì, wọ́n sì wá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ka ìròyìn yẹn sókè fún àbúrò mi. Ó ní, “Mo sọ fún yín.” Òótọ́ ni, ó sọ fún mi. Mo ti kó ìbínú tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn aláriwo, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń dún bákan náà lórí fóònù.

Mo fún un ní àròkọ yìí kà kí n tó gbé e síta. Ibi WhatsApp ló ti dúró. Ó ní òun kò gba ìdáhùn àwọn mẹ́fà yẹn wọlé.

Mo ní, “Kí ló dé? Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Ó ní, “Brọ̀dá, ẹ̀yin lẹ san owó fíìmù náà. Ta ló máa wá sọ fún yín pé kò dùn?”