Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Bí Sí Oríta Mẹ́ta

Awakọ̀ wo ló ń ti Èkó lọ sí Bìní tí kò mọ Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò? Ibẹ̀ lọ̀nà ti yà sí Oǹdó, ibẹ̀ náà ló ti yà sí Òkìtìpupa. Bí mọ́tò bá ti dúró báyìí, oníbúrẹ́dì àti onípékeré á ṣùrù bo fèrèsé, agbèrò á máa pe èrò, èrò á máa ṣàròyé owó epo. Láìpẹ́, kálukú á bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà mọ irú àròyé yìí. Ní èdè Látìn, tri ni ẹẹ́ta, via ni ọ̀nà, trivium sì ni oríta mẹ́ta. Ohun tó bá ti di ti oríta, tó wọ́pọ̀ lẹ́nu tèwe-tàgbà, ni wọ́n ń pè ní trivialis.

Nígbà tí àwọn èdè Yúróòpù jogún ọ̀rọ̀ náà, oníkálukú mú ibi tó wù ú. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, trivial ni ohun tí kò tó nǹkan. Lẹ́nu Faransé, ọ̀rọ̀ àlùfààṣá ni. Ará Ítálì náà ń fi triviale bú ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò mọ́, síbẹ̀ trivio ṣì ni oríta lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Jámánì, Trivialliteratur ni ìwé ìtàn pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kà láti fi pa àkókò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Ọ́stríà, lọ́dún 1774, Trivialschule ni ilé ìwé tí àwọn ọmọ abúlé ti ń kọ́ ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò.

Lọ́dọ̀ tiwa, oríta kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ: ilé Èṣù ni, ibẹ̀ là ń gbé ẹbọ sí. Àwọn ará Róòmù náà ní òrìṣà oríta, Diana tí wọ́n ń kì ní Trivia. Oríta Ọ̀rẹ̀ tiwa náà kì í sì í ṣe yẹpẹrẹ: ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba Nàìjíríà ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra tó ń bọ̀ wá sí Èkó dúró lọ́dún 1967, tí a fi ń wí títí dòní pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!”

Nítorí náà, ìwọ ọmọ Òdìgbò tó ń lọ kí ẹbí ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kàwé, má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àna rẹ jẹ́ trivial. Ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé o bú u.