Amber: oje igi tó di ìlẹ̀kẹ̀, tó tún bí orúkọ iná mànàmáná

Ẹni tó bá ti bá ìyàwó ojú ọ̀nà wá ìlẹ̀kẹ̀ kiri n'Ìbàdàn rí, yóò mọ̀ pé orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ gan-an ló ń kó ìdààmú bá oníbàárà. Láti Ṣàngó títí dé Mọ́kọ́lá, títí wọ Dùgbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ńlá kan náà tó pọ́n bí oyin lè ní orúkọ mẹ́ta. Ẹnìkan á ní iyùn ni, ẹlòmíì á ní amber ni, ẹnì kẹta á kàn ní "orígínà" ni, ó sì tán. Owó tí kálukú wọn ń pè kì í jọra o. Kí wá ni amber tí wọ́n ń pè yìí?

Amber kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe iyùn. Oje igi ni. Ẹ wo oje tó máa ń jáde lára igi ìyá tí wọ́n bá ṣá a ládàá: á kọ́kọ́ rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, tó bá pẹ́ á gan. Irú oje bẹ́ẹ̀, tó jáde lára igi ayé àtijọ́, tí iyẹ̀pẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ló di amber. Etí òkun Baltic ni èyí tó gbajúmọ̀ jù ti ń wá, ní apá Poland, Lithuania àti Rọ́ṣíà, àwọn onímọ̀ sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 ọdún. Nígbà míì kòkòrò á há sínú rẹ̀, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ á ṣì pé pérépéré. Orí ẹ̀fọn tó há sínú amber ni wọ́n gbé ìtàn fíìmù Jurassic Park tó jáde ní 1993 kà. Àròsọ lásán nìyẹn o.

Iyùn ńkọ́? Inú òkun ni tiẹ̀ ti wá. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi ló ń kọ́ ọ bí ilé, pupa sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àwọn oníṣòwò Pọ́túgà wà lára àwọn tó kó o wá sí Bìní ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Iyùn kì í ṣe amber, ṣẹ̀gi náà kì í ṣe amber.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló tún dùn jù. Èdè Lárúbáwá ló ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní anbar. Ṣùgbọ́n anbar tí àwọn Lárúbáwá ń sọ kì í ṣe oje igi rárá. Nǹkan kan tó ń jáde látinú ìfun irú àbùùbùtán kan ni, tó máa ń léfòó lójú òkun, tí ìgbì á wá gbé e jù sétí omi. Tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn àti omi iyọ̀, òórùn rẹ̀ á yí padà di dídùn, àwọn tó ń ṣe lọ́fíndà á sì máa wá a lójú méjèèjì. Àwọn Faransé gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń pè é ní ambre, ọwọ́ wọn sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní nǹkan bí ọdún 1400.

Báwo ló wá ṣe kan oje igi? Etíkun náà ni wọ́n ti ń ṣa oje líle yìí, ìgbì náà ló ń gbé e wá, tí wọ́n bá sì sun ún, ó ń ta sánsán. Bí orúkọ ṣe ré kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì nìyẹn. Nígbà tó yá, Faransé pín in sí méjì: ambre gris, ìyẹn aláwọ̀ eérú, fún ti àbùùbùtán; ambre jaune, aláwọ̀ ìyeyè, fún oje igi. Lọ́fíndà tí wọ́n kọ amber sí lára lónìí, àpòpọ̀ oje igi mìíràn àti fàníílà ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn Jámánì ò tiẹ̀ bá wọn dá sí gbogbo ìyẹn. Bernstein ni wọ́n ń pè é, òkúta tó ń jó.

Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pè é ni elektron. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan iná. Wọ́n ti ṣàkíyèsí láyé àtijọ́ pé tí èèyàn bá fi aṣọ ra amber dáadáa, á máa fa koríko gbígbẹ mọ́ra. Ní Páṣíà, orúkọ tí wọ́n fún un túmọ̀ sí olè koríko, kahruba. Nígbà tó di 1600, dókítà ará England kan, William Gilbert, kọ̀wé lórí agbára yìí, ó sì mú orúkọ Gíríìkì yẹn lò fún un. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí orúkọ tó ń pe iná mànàmáná títí dòní. Àwọn Lárúbáwá náà ń pe iná ní kahraba, orúkọ olè koríko yẹn náà ni.

Yorùbá ò bá ọ̀nà oje igi lọ ní tiwa. Ojú ọ̀run la wò, a rí mànàmáná, a sì fi sọ iná náà lórúkọ. Kò ṣàjèjì nígbà náà pé ère Ṣàngó, olówó orí àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ yìí n'Ìbàdàn, ni Ben Enwonwu gbẹ́ ní 1964 fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń pèsè iná, ní Marina l'Ékòó. Ìyẹn tí iná bá wà o.

Ká padà sọ́jà. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní amber ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, irú èyí táwọn obìnrin Fúlàní máa ń lò, kì í ṣe oje igi. Ní 1907, Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé Amẹ́ríkà, ṣe oríṣi ike líle kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Bakelite. Kò pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù fi ń fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n ń kó o wá síbí. Àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn níyì láàyè ara wọn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí èèyàn san owó amber lé wọn. Oje igi tí ò tíì pẹ́ nílẹ̀ náà wà, tí wọ́n ń pè ní copal, òun náà ń jọ ọ́.

Báwo lèèyàn ṣe lè dá a mọ̀? Ẹ bu omi sí ife kan, ẹ fi iyọ̀ bíi ṣíbí ìmutíì mẹ́jọ sí i, ẹ rò ó títí á fi yòrò. Ẹ ju ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan sí i, láìsí okùn tàbí irin lára rẹ̀. Amber á léfòó. Bakelite, gíláàsì àti iyùn á rì. Copal náà máa léfòó o, àwọn ike míì náà sì ń léfòó. Fún copal, ẹ kán omi asítóònì tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ sí ibi kékeré kan níkọ̀rọ̀: tó bá ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, kì í ṣe amber. Ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ gbígbóná bọ̀ ọ́ báwọn kan ṣe ń ṣe, ẹ máa bà á jẹ́ ni. Kó tó di pé owó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn pé tí kò bá rí bó ṣe sọ, ẹ máa dá a padà.

Tó bá wá dá yín lóhùn pé "iyùn amber" ni, nǹkan méjì ló so pọ̀ yẹn: ọ̀kan tinú òkun wá, ọ̀kan tara igi wá. Ẹ ní kó mú ọ̀kan.